Ohun tí Wọ́n Gé Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá

Yàrá Kẹta,
Òkè Ilé Ìfọṣọ,
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé ara le bí? Ìyàwó yín ńkọ́, ẹni tí n kò tíì fojú kàn láti ìgbà tí ẹ ti ṣí lọ, àmọ́ tó ń bá mi ṣàwàdà lórí fóònù bí ẹni pé inú àwo kan náà la ti ń jẹun láti kékeré? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí àgbà ti fi ìka ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, àbí ó ṣì ń mu ún? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá gbé ẹrù wúwo mọ́. Ẹ kì í ṣe ọmọdé mọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń pa ewú yín láró. Èmi náà ń bẹ láàyè, mo ń lọ aṣọ aláṣọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ooru áyọ́ọ̀nù sì ti sọ ojú mi di ti ẹni tó ń bínú.

Nígbà tí ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú pé kí ló dé tí Bàbá fi ta ọkọ̀ tí ẹ rà fún wọn, mo gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ẹ má bínú sí mi. Bàbá ló jókòó níwájú mi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé ó ti wúwo jù fún èmi nìkan, àti nítorí pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú ní balùwẹ̀ tí a sì gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, Bàbá kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀, nítorí a kò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́, ni bí iyè Màmá ṣe ra tó. Wọn kò mọ̀ mí mọ́. "Nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ní ọmọ wọn ni mí, Màmá á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ bá aláìgbọràn jà. Wọn kò fi ojú dá Bàbá náà mọ̀. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n mọ̀. Fèrèsé yàrá wọn kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí Bàbá bá ti ń yà wọlé báyìí, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́, Màmá á jókòó dáadáa, wọ́n á fọwọ́ tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n á ní, "Ọkọ mi ti dé." Bí ogún ọkọ̀ bá kọjá ṣáájú, wọn kì í ṣì í mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn wọlé ni ọkọ wọn. Wákàtí kan gbáko ni àwọn méjèèjì á fi jọ sọ̀rọ̀. Bàbá á bó ọsàn, Màmá á máa bá wọn jà lórí tábìlì kan tó ti ń mì láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ilé káfíńtà, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni tábìlì ti ń mì jù.

Ní oṣù kẹrin, lọ́jọ́rú kan tí oòrùn mú ganrínganrín, Bàbá wà lọ́dọ̀ Màmá nígbà tí ọkùnrin méjì wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀wù iṣẹ́ tó ń dán ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ wa sókè, ọ̀kan nínú wọn sì rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rò pé mẹkáníìkì ni wọ́n, ó tilẹ̀ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọn tí wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí Bàbá jáde tí wọ́n ṣíná, ọkọ̀ bú ramúramù bí ẹ̀rọ ìlagi. Bàbá fò jáde, wọ́n rò pé ó fẹ́ gbiná ni. Lójú fèrèsé, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n bá àwọn lé wèrè yẹn lọ.

Mẹkáníìkì ló là wá lóye. Kátálíìsì ni àwọn olè náà gé. Ohun kan bí agolo ni, ara páìpù sàlẹ́ńsà ló wà, òun ló ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde. Irin olówó iyebíye ni wọ́n fi kùn ún nínú, ìyẹn ló jẹ́ kí olè máa wá a kiri. Àwọn àgbà ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó jí tiwa, àwọn tó fẹ́ rà á ti tò dúró dè é. Mẹkáníìkì ní ọkọ̀ gíga bíi tiwa ni àwọn olè fẹ́ràn jù, nítorí kò ni wọ́n lára láti wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la fi retí tuntun kó tó dé. Páìpù lásán ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ń bú, ẹ̀rù ń ba Màmá, bí Bàbá bá sì wọlé, Màmá á kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n de tuntun mọ́ ọn, èmi àti Bàbá la jọ lọ. Bí a ṣe ń yà wọlé, mo rí Màmá lójú fèrèsé. Ọwọ́ wọn lọ sí ìborùn. Bàbá kò lè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbórí lé sítíárì, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, mo ń wá nǹkan nínú báàgì mi.

Ọjọ́ yẹn ni ìṣọ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ti Bàbá ju ti alákàn lọ. Wọ́n ní kí wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ ṣe àpótí bo kátálíìsì náà, ó sì lọ orí àwọn bóòtù rẹ̀ dànù kí sípánà má lè mú un. Wọ́n fín nọ́ńbà ọkọ̀ sí i lára, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè mọ̀ pé ẹrù olè ni. Wọ́n ra aláàmù tó ń ké bí ọkọ̀ bá mì. Ológbò fò lé e, ó ké; òjò pa á, ó ké; títí àwọn aládùúgbò fi fẹ́ dáwọ́ jọ lù wá. Bàbá wá gba ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n kan pákó gígùn méjì tó ní ẹsẹ̀ kúkúrú, èyí tí wọ́n á tì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè rá wọ abẹ́ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀ṣọ́ fi sọ ọ̀kan di bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán.

Gbogbo rẹ̀ kò fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ti Màmá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á dìde lọ yẹ ọkọ̀ wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di márùn-ún. Nígbà tó yá, wọn kò wọlé mọ́ rárá. Wọ́n á dúró ti ọkọ̀ fún wákàtí kan, Màmá á wà lójú fèrèsé, wọ́n á tún ìborùn ṣe títí, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ó wá di pé ọkọ̀ ni Bàbá ń bẹ̀ wò. Inú bí mi lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, ṣé Màmá lẹ wá wò àbí táyà?"

Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, ta ni yóò bá mi sọ fún un pé mo dé?"

Mo ṣáà bẹ̀ wọ́n pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, èmi ni n ó máa ṣọ́ ọkọ̀, kí wọ́n lọ jókòó ti ìyàwó wọn. Wọ́n gbà. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta lọ dáadáa. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, nọ́ọ̀sì kan sáré jáde wá bá mi, ó ní kí n wá gbọ́ Màmá, pé orin ni wọ́n ń kọ, pé Bàbá ń gbè é. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu Màmá kẹ́yìn. Mo sá wọlé. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Mo gbọ́ ariwo ayùn níta, ó sì gba ọkàn mi kọjá pé àwọn tó ń gé òdòdó etí ọgbà ti dé. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Orin náà ni mo ń tẹ́tí sí.

Àwọn olè náà kò tilẹ̀ dá àpótí wẹ́dà lóhùn. Wọ́n gé páìpù níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi irin já ìyókù wálẹ̀, wọ́n sì já páìpù epo àti àwọn wáyà mọ́ ọn. Epo ń ṣàn lọ sí kòtò. Aláàmù tó ń ké fún ológbò kò ké, nítorí wáyà rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú ìwé, ó já bébà kékeré kan fún wa. Mẹkáníìkì rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó jáde, kò wojú Bàbá. Ó ní òun lè tún un ṣe, àmọ́ bí òun bá tún un ṣe, wọn yóò tún wá. Bàbá ní kí a kúkú tà á. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ló wá fi okùn wọ́ ọ lọ. Bàbá kò jáde wò ó.

Mo gbìyànjú o. Mo wá ọkọ̀ irú rẹ̀ kan kiri títí mo fi rí ọ̀kan, mo fi fóònù gba ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fún Màmá gbọ́. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, bá mi pa rédíò yẹn." Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ronú àtira òmíràn. Bàbá ní àwọn kò fẹ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn kò bá lè ṣọ́, kó má tún wọ ọwọ́ àwọn mọ́.

Mo tẹ̀lé Bàbá lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀, òjò sì pa wá láti ibi tí èkejì ti já wa sílẹ̀. Bàbá kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, bí àlejò. Màmá kí wọn dáadáa, nítorí ìwà ọmọlúàbí Màmá kò tíì bá iyè wọn lọ. Bàbá fẹ́ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ni Màmá bá nawọ́ dí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jókòó síbẹ̀. Àga ọkọ mi ni. Wọn ò ní pẹ́ dé."

"Ẹ má bínú, mà," ni Bàbá wí.

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n lọ fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì dúró níbẹ̀ títí wákàtí náà fi pé. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ojú fèrèsé.

Bí ẹ bá pe Bàbá, ẹ má mẹ́nu ba ọkọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ igi, wọ́n á dá yín lóhùn. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi àbúrò yín tí kò ṣọ́ ọ dáadáa,
Eyínmẹ́nugún.