Ẹ Má Pọ́n Abẹ Sílẹ̀ De Dúrósinmi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Èmi Àbẹ̀ní yín kúnlẹ̀ lókè òkun níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ti bo gbogbo ìta. Mo kí Bàbá. Mo kí Oyèwálé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí Dúrósinmi ọmọ wọn lọ́tọ̀. Ẹ má bínú pé mo fi lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ilé púpọ̀ ní Inísà, ó kan Ìkìrun àti Òkukù pẹ̀lú.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Ẹ ní ìrora tún ti mú Dúrósinmi lẹ́sẹ̀ àti láyà, pé ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ẹ ní àwọn àgbà ilé sọ pé àbíkú ni, pé bó bá lọ, kí wọ́n gé e létí kí wọ́n tó sin ín, kó lè dúró nígbà tó bá padà wá. Ẹ ní èmi gan-an ni ẹ̀rí, èmi tí ẹ bí pẹ̀lú etí òsì tó là, níbi tí Bàbá Àgbà ti gé ti Málọmọ́, ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn tó kú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yín parí, kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń yí. Mo ń gbọ́ tí ọmọ kan ń mí lẹ́yìn yín. Mímí náà dúró kí kásẹ́ẹ̀tì tó tán. Bóyá ẹ gbé e kúrò nítòsí ẹ̀rọ ni, mi ò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, ibì kan náà ló ń dúró sí.

Ìwádìí nípa ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ mi níbí. Àìsàn ọmọ yẹn, fòníkú-fọ̀ladìde, inú àbùdá, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, tí bàbá àti ìyá jọ fún un ló ti wá. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí róbótó á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan. À ń wá bí a ṣe lè fi àbùdá tó dára rọ́pò èyí tí kò dára, ara eku la sì ti ń gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Etí la máa ń gé fún àwọn eku náà, kí a lè dá wọn mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n gé e, ọwọ́ mi kọ̀, mo kàn di etí ara mi mú. Ọ̀gá mi rò pé eku ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ní nílé wa, eku kì í pẹ́ kó tó dé inú ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí àgò àwọn ọmọ eku tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé létí. Etí òsì ọ̀kan nínú wọn ti là. Ọ̀gá mi ní ìyá rẹ̀ ló bù ú jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù sá sí kọ̀rọ̀, òun dúró, ó ń wò mí.

Màmá, mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ara mi wò. Ọ̀kan péré nínú ẹ̀yin òbí mi ló fún mi ní àbùdá burúkú yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró. Kì í ṣe abẹ. Ẹ̀jẹ̀ mi ní èmi kọ́ ni Málọmọ́. Àmọ́ bí mo bá wo dígí, etí mi ní èmi ni. Mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ níbí.

Mo bẹ̀ yín, kí Oyèwálé gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ńlá ní Òṣogbo lónìí, kó má dúró de ọ̀la. Ẹ máa fún un lómi mu dáadáa, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un, ẹ má fi ibà rẹ̀ ṣeré. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ìyàwó Oyèwálé lẹ́bi, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí lẹ́tà yìí bá sì pẹ́ kó tó dé, ẹ má gé e létí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mìíràn wá máa di etí mú, kó máa bi ara rẹ̀ pé ta lòun.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Dúrósinmi. Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin sin ín. Ẹ tún gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀. Kó ṣáà máa mí títí kásẹ́ẹ̀tì á fi tán.

Èmi ni ọmọ yín tó dúró,
Àbẹ̀ní