Jákujàku Tó Ń Hanrun

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Mo parí àpótí irin kẹfà lónìí. Pátákó inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn òpó idẹ kéékèèké tò ní ìlà méjì bí ọmọ iléèwé tí ọ̀gá ń wò, wáyà kọ̀ọ̀kan wé mọ́ òpó tirẹ̀, òjé tí mo jó sí i ń dán. Jígí ojú ni mo fi ń jẹun – mò ń ṣe é fún àwọn tí kò ríran dáadáa – ṣùgbọ́n àwọn àpótí irin wọ̀nyí ni mo fi ń ya wèrè. Onígìtá á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á wá máa kùn bí oyin tí inú ń bí. Pẹ́dà ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní Akùnyùn.

Mo gbé e fún ọmọbìnrin mi, Ọ̀gá Onígìtá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ta okùn díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó dáa, Dádì. Ẹ ṣé gan-an ni." Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ọmọ ọwọ́ tó gbé òkúta fún un ni.

Òun àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ máa ṣeré nínú gbọ̀ngàn ńlá ní Àbámẹ́ta, 23 oṣù yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn níwájú èrò nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé báyìí: kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bàbá tó ń gbàdúrà kí ọmọ tẹ òun mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo yọjú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀kẹfà ti lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn kan láti yàrá rẹ̀. Ó nípọn, ó ń gbọ̀n, ó ń fà. Inú bí mi. Mo ní ó ti lọ ra èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ńlá. Mo kan ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá, mo wọlé – Jákujàku ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Jákujàku. Àkọ́bí. Èyí tí mo ṣe nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Òpó inú rẹ̀ wọ́, ìdérí rẹ̀ kò dé tán. Mo ti jù ú nù. Ó ní òun ló lọ hú u jáde nínú ìdọ̀tí. "Èyí ló ń bá mi lọ sí gbọ̀ngàn, Dádì."

Mo ní, "Ó dáa," bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Mo wá lọ sí balùwẹ̀, mo ki ojú bọ inú tówẹ̀lì, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ayọ̀ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìtìjú fi dé. Bí ẹnìkan bá tú u wò ńkọ́? Inú rẹ̀ rí bí ìtẹ́ ẹyẹ tí atẹ́gùn ti gbé kiri. Wáyà kan gba òfúrufú kọjá nítorí pé mo gbàgbé òpó rẹ̀.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Adájọ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Aránṣọ ni, yàrá iṣẹ́ kan náà la jọ ń lò, kò sì sí ẹjọ́ tí kì í dá láì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Olówó orí mi, ta ló máa tú u? Ṣé àwọn tó wá gbọ́ orin ló máa mú sùkúdíráfà dání?"

Ìdájọ́ òdodo. Mi ò gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ọmọ mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dán orin ẹnu wò. Gìtá àti Jákujàku wà nílé. Mo tú u.

Kí n má parọ́ fún ìwé ara mi: mo kọ́kọ́ yọjú wo ẹnu ọ̀nà bí olè. Mo ṣe pátákó tuntun, mo kan òpó idẹ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ gún régé. Wáyà tuntun. Rẹsítọ̀ tuntun, tó ń dín iná kù bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Tíránsítọ̀ méjèèjì nìkan ni mo dá padà. Àwọn ló ń gbé ohùn sókè, wọ́n sì dàgbà ju ọmọ mi lọ. Bátìrì tuntun pẹ̀lú – ta ló ń wẹ̀ tán tó ń wọ aṣọ ìdọ̀tí? Mi ò ju ti àtijọ́ nù. Ahun ni mí. Mo fi í sínú mítà tí mo fi ń wọn iná, torí tirẹ̀ ti kú.

Ìdérí dé pinpin. Mo ta okùn gìtá kan. Ó dún. Mo ní iṣẹ́ ti parí. Èmi tí mi ò mọ gìtá ta, èmi ni mo jókòó dá ohùn láre.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ó ta á. Ó pààrọ̀ wáyà, ó tún okùn fà, ó tún ta á. "Dádì, kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Ooru ni." Lóòótọ́ ni tíránsítọ̀ àtijọ́ kì í fẹ́ ooru, nítorí náà irọ́ mi ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ó ṣí fèrèsé. Ó gbé fáànù kọjú sí i. Mo jókòó, mò ń wo ọmọ mi tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí irọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Ohùn náà mọ́ jù. Ó ń dún bí olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Mo wá àwọn rẹsítọ̀ àtijọ́ nínú agolo, mo dá wọn padà. Kò yàtọ̀. Mo fi mítà wọn bátìrì tuntun: ó yẹ kó jẹ́ fóòtì mẹ́sàn-án, mítà ní ó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tó mọ́kànlá. Inú mi dùn. Bátìrì alágbára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Lónìí mo fi ẹ̀mú tẹ àwọn òpó tó dúró ṣánṣán, kí wọ́n lè wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà o. Adájọ́ ń wò mí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀ràn ti burú nígbà tí ìyẹn ò bá sọ̀rọ̀.

Kò dún bó ṣe yẹ síbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ohun tí mo bàjẹ́, torí mi ò mọ ohun tí mo ti ṣe dáadáa.

Ọjọ́rú, 20

Ó ní òun á yá ti onígìtá kejì. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó má bàa dùn mí. Ìyẹn ló pa mí. Mo jẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, àwo tútù lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ tú u?"

Mo ní mo tún un ṣe ni.

"Ta ló sọ fún yín pé kò dáa?"

Omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Dádì, ògiri kan ló wà láàrin yàrá mi àti tiyín. Láti kékeré, tí mo bá ti gbọ́ pé ẹ̀ ń hanrun ni oorun tó ń gbé mi lọ. Bí Jákujàku ṣe ń dún nìyẹn. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn."

Ó kọjá lára mi wọlé. Mo nu àwo kan náà títí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé Adájọ́ níyàwó ni mo ti ń bá a jiyàn pé èmi kì í hanrun.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ó kí mi láàárọ̀. Kíkí nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Ọ̀la ni. Mo tún gbé mítà kalẹ̀ lọ́sàn-án, mò ń wọn ohun tí mo ti wọn. Adájọ́ dìde wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bojú wo tábìlì mi. "Kí ni nǹkan tó ń ṣẹ́jú lójú mítà yẹn?"

Mo ní kò sí nǹkankan. Ó ní, "Ó ń ṣẹ́jú. Ẹ gbé jígí yín sójú."

Mo gbé e sójú, èmi tí mo ń ṣe jígí fún gbogbo àdúgbò. Àwòrán bátìrì bíńtín ló ń ṣẹ́jú ní igun: bátìrì inú mítà ti ń kú lọ, ìyẹn ni mítà fi ń sọ ìsọkúsọ. Bátìrì wo? Èyí tí mo yọ nínú Jákujàku. Iná tó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tán ló ń jẹ́ kí àwọn tíránsítọ̀ arúgbó yẹn máa hanrun. Èmi wá bọ́ wọn yó, wọ́n jí. Láti ọjọ́ yìí, ohun tí mo ń wá ni mo fi ń wá a kiri.

Mo pe Ọ̀gá Onígìtá. Mi ò ṣàlàyé. Mo dá bátìrì àtijọ́ padà sípò, mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ta okùn tó nípọn jù.

Adájọ́ kò gbójú sókè níbi tó ti ń ránṣọ. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ ti sùn ni?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, mo ní èéfín òjé ni. Lẹ́yìn náà ó dé ìdérí, ó mú kútẹ́ẹ̀sì pupa rẹ̀, ó kun orí nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dì í mú. Ó ní, "Tí mo bá rí i pé kútẹ́ẹ̀sì yìí sán, ẹ̀yin lẹ tú u."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Láti àárọ̀ ni mo ti tan rédíò kékeré méjì sílẹ̀, kí bátìrì wọn máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Adájọ́ ní kí n pa ọ̀kan, pé ìròyìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún òun.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí. Orin kẹta ni Ọ̀gá Onígìtá tó fi ẹsẹ̀ kan Jákujàku. Bí bátìrì náà bá kú báyìí ńkọ́? Kò kú. Ohùn yẹn jáde, ó nípọn, ó ń gbọ̀n, ó gba ara àga wọ egungun mi. Ọmọ mi di ojú, ó ń ta á lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí, ó rọra sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.