Àwòrán Abọ́sẹ̀dé Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 1976.

Adéjùmọ̀ Àjàmú ọmọ mi,

Báwo ni Ìsọlọ̀? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ariwo? Mo kí ọ bí ìyá ti í kí ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láti ilé dé Òṣòdì kò ní tòògbé lọ́jọ́ tìrẹ. Bá mi kí Àlàájì Mùnírù onílé rẹ, àti Ìsíátù ìyàwó rẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, òróró ìpara tí o fi ránṣẹ́ ṣì ku ìlàjì ìgò nítorí èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n fún un. Àgbébọ̀ wa pa ọmọ mọ́kànlá, àṣá gbé méjì, ó ku mẹ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìyẹ ló mú mi kọ̀wé. Ara mi kò balẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò ti lè jókòó sójú kan, bí mo bá ń pa ẹkùrọ́, màá fi òkúta sílẹ̀ dìde, màá sì gbàgbé ohun tí mo dìde fún. Abọ́sẹ̀dé àbúrò rẹ ni. O mọ̀ pé òun ló máa ń kàwé sí mi létí nídìí ẹkùrọ́. Ó ti dáwọ́ dúró. Ìwé ìtàn mẹ́fà tí o rà fún un ní ọjà Bọ́ládé l'Óṣòdì nígbà tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ, ó kó gbogbo wọn sábẹ́ ibùsùn. Mo ní kí ló dé, ó ní gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló funfun, irun wọn dà bí irun àgbàdo, yìnyín ni wọ́n ń ṣeré nínú rẹ̀, òun ń kà nípa wọn ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé òun wà láyé. Ó ní bí kò bá sí ẹni bíi tòun nínú ìwé, kí ni ìwé fẹ́ fi òun ṣe. Ó ní kí n má ra fọ́ọ̀mù, òun ò ṣe ìdánwò àtiwọ girama mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tí wọ́n á fi dẹ́kun fọ́ọ̀mù títà.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ló ń bá a jà. Mo kó àwọn ìwé náà jáde. Ìwé tí mo kà kò kọjá sítáńdáàdì fọ́ọ̀, n kò gbọ́ gbogbo gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kíka orí ènìyàn kò ṣòro. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́sàn-án ni mo kà. Mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá, iye kan náà ni. Ajá dúdú wà níbẹ̀, Adéjùmọ̀, ọmọ dúdú ni kò sí.

Mo wá rántí tẹlifíṣọ̀n tí o fi owó Údójì, èlé owó oṣù tí ìjọba san fún yín, rà. Nínú eré àwọn ọmọdé tí mo wò nígbà tí mo wá kí ọ, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, ẹyọ kan ṣoṣo ló dúdú, ẹrù ló ń rù, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀. O mọ̀ pé èmi ni mo gba owó àlùmánáákì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó san náírà márùn-ún, àárín la fi àwòrán rẹ̀ sí. Ẹni tó san méjì, etí ìwé. Ẹni tí kò san, a kì í rí i, ìbáà ṣe olóyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìtàn. Àwọn òbí òyìnbó ti san tiwọn, wọ́n san án lásìkò, àwa ò san kọ́bọ̀. Ti ọmọ tó ń rẹrù yẹn, ìdajì ni bàbá rẹ̀ san, mo sì káàánú rẹ̀. N kò bá òyìnbó jà. Ìwọ ni mo fẹ́ bi léèrè, láti ọdún mẹ́fà tí o ti wà l'Ékòó, ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ọ pé wọ́n ń gbowó ni?

Mo ti mú Abọ́sẹ̀dé lọ sọ́dọ̀ Táíyé onífọ́tò. Náírà kan àti ogún kọ́bọ̀ ló pè é, a fà á títí, ó gba ọgọ́rin kọ́bọ̀ àti ẹyin mẹ́rin. Fọ́tò náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Mú un tọ ẹni tó tàwé fún ọ ní Bọ́ládé, kó júwe ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé aláwọ̀ ewé, ojú ìwé kẹtàdínlógún, àyè ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, yóò gba ọmọ kan dáadáa. Dúró tì wọ́n, kí wọ́n má lọ fi í sẹ́yìn ajá. Kí o sì ná an, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ń kán ọ lójú.

Mo dìde níbí lọ wo iná. Kí n tó padà, Abọ́sẹ̀dé ti dé láti ilé ìwé, ó ti ka lẹ́tà yìí. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní Ìyá mi, ẹ gbà mí o, kò sẹ́ni tó ń sanwó, ẹni tó ń kọ ìtàn ló ń fi ẹni tó wù ú sínú rẹ̀. Mo ní ta ló ń fún un láṣẹ. Ó ní kò sí. Mo ní èló ló ń san. Ó ní ọ̀fẹ́ ni.

Mo káwọ́ lérí. Ọ̀fẹ́! Ohun ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀, gbogbo ayé ń bù ú, àwa jókòó à ń wòran! Ó dùn mí ju kí olè kó mi lọ. Mo ní kí ló dé tí ìwọ ò kọ tìrẹ. Ó ní òun ò rò ó rí pé ẹni bíi tòun lè kọ ọ́. Mo fa ìwé owó ẹyin mi yọ, ewé mẹ́rìnlélógójì ló ṣófo nínú rẹ̀, mo ní kó tètè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó máa gbowó.

Ó ti kọ ewé mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan láti Ìkọ̀lé ló gbé ọgbọ̀n ẹyin lọ sí Òṣòdì, ẹyọ kan kò fọ́. Ó sì ní kí n ra fọ́ọ̀mù, nítorí ní girama ni wọ́n ti ń kọ́ni ní èyí tó gùn. Nítorí náà, jẹ́ kí náírà márùn-ún tètè dé, mẹ́ta fún fọ́ọ̀mù, méjì fún ìwé ìkọ̀wé àti bírò, ewé mọ́kànlélógójì kò lè tó o. Fọ́tò náà, má sọ ọ́ nù, gbé e kọ́ ara ògiri rẹ, mo ti sanwó rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní fi ọ́ sí etí ìwé láyé. Àárín ni wàá máa wà, ojú rẹ yóò sì hàn ketekete.

Kí n tó lẹ àpòòwé, mo bi í bóyá èmi náà wà nínú ìtàn náà. Ó ní mo wà. Mo ní ṣé ẹrù ni mo ń rù. Ó ní rárá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tinúadé.