Iná Tí Ń Tàn Fún Ẹni Ẹlẹ́ni

Ọmọbìnrin mi,

Mo kí ọ, mo kí ìlú ńlá tó gbà ọ́ lálejò, mo kí iṣẹ́ rẹ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn kò ní sọ fún ọ pé òun ti sùn. Àlàáfíà ni a wà, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn tó ń ro ìyá rẹ kúrò, àti ti orúnkún mi tí n óò sọ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní kí n yan èyí tó mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n á rí i lọ́sàn-án gangan, torí àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ti pọ̀ lọ́nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo fi owó aṣọ rírán rán ọ lọ kà, o wá ń tan iná fún oòrùn. Ṣùgbọ́n owó ti dé, mo bá lọ.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí kẹ̀kẹ́, kó mẹ́ta síwájú mi, ó ní àfi ká gbé wọn sínú oòrùn ká tó yàn. Bí a ṣe gbé wọn síta, méjì ṣe bíi pé wọn ò tilẹ̀ tàn, ìkẹta pọ́n kankan, ó ń ṣẹ́jú léraléra bí ẹni tó fẹ́ purọ́. Ìyẹn náà ló ní kí n rà. Ó dè é sábẹ́ ìjókòó lẹ́yìn. Mo wò ó, mo ní ta ni yóò máa rí i níbẹ̀? Owó ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ tèmi, ẹni ẹlẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí n kò mọ̀ rí, ló wá ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo tú u, mo so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níwájú, kí èmi náà lè máa rí ohun tí a rà.

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ yanrìn kan ń ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, ó rí iná pupa lọ́ọ̀ọ́kán, ó rò pé ẹ̀yìn mi ni òun ń wò, kò mọ̀ pé mò ń bọ̀ wá pàdé òun ni. Inú kòtò ni mo bára mi, orúnkún mi bó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé mi dìde, ó ní ta ló ń fi iná pupa síwájú. Mo ní iná tèmi ni, ibi tó bá wù mí ni n óò fi í sí. Aláìmọ̀kan lásánlàsàn.

Ìyá rẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dá iná náà padà sẹ́yìn, ó fi okùn ta kókó tí ọwọ́ télọ̀ gan-an kò lè tú. Mo fi ìbínú gùn ún lọ. Nígbà tí mo darí dé, ó ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun sì ń rí iná náà títí mo fi gun òkè ọ̀hún. Ó ní látọjọ́ tí mo ti fẹ́ òun, ìdí igi àkọ́kọ́ ni òun kì í ti í rí mi mọ́, ọkàn òun kì í sì í balẹ̀ àfi bí mo bá padà dé. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Iná òmùgọ̀ náà ṣì ni o. Jọ̀wọ́, fi owó bátìrì ránṣẹ́, torí ìyá rẹ kì í jẹ́ kí n pa á.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá irú rẹ̀ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí ìwọ ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Bí kò bá sí, má wulẹ̀ fi owó kankan ránṣẹ́ mọ́, fi ra tìrẹ. Àwa ò lè rí ọ láti ibí. Jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ bá wa rí ọ.

Ẹ̀yìn rẹ á dára.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.