Bàbá Daniel Adéṣínà àti Kíbọ́ọ̀dù Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Ò Fẹ́ Tẹ̀

Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí Olóògbé Daniel Adéṣínà sí lọ́dún 1950. Pa Akínwálé Adéṣínà, àgbẹ̀ tí kì í fi oko ṣeré, ni bàbá wọn. Màmá Abigail ni ìyá wọn. Wọ́n ka Ìwé Mẹ́fà yanjú, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Lọ́dún 1974, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kẹta rẹ̀ ni wọ́n gbé Màmá Rúùtù níyàwó.

Aládùúrà paraku ni Bàbá. Nígbà tí onílù ìjọ kó lọ sí Èkó lọ́dún 1996, Bàbá ra kíbọ́ọ̀dù, irú èyí tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Téèyàn bá ti fi ọwọ́ òsì tẹ ibi tó yẹ, ìlù àti gìtá inú rẹ̀ á máa gbè é. Bàbá nìkan ni gbogbo onílù ìjọ fún ọdún púpọ̀, títí dé ẹ̀ka Ìkòyí-Ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ akọrin ò fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù náà. Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá gbé orin gba ibòmíràn, ìlù inú rẹ̀ ò mọ̀, àti pé ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílù àti onígìtá. Lọ́jọ́ ìkórè kan, wòlíì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Bàbá gbàgbé láti pa ìlù, ìlù sì ń dún lọ lórí àdúrà. Ẹ̀rín pa ìjọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí rẹ̀. Fọláhànmí, àkọ́bí Bàbá, tó ń fi kíbọ́ọ̀dù jẹun nílùú Ọ̀yọ́, ní nínú ti Bàbá, ẹ̀rọ ló ń ṣeré, kì í ṣe èèyàn. Bàbá á ní àwọn ò tíì rí ẹni tó wọ aṣọ tuntun tó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ máṣíìnì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n pé àwọn ò rẹ́ni fi í lé lọ́wọ́.

Lọ́dún 2022, àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ aránṣọ parí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé kíbọ́ọ̀dù, ìlù bẹ̀rẹ̀, ìjọ gbe orin. Fọláhànmí wà níbẹ̀. Ó sunkún, ó lọ jókòó sápá ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ ohùn orin. Báyìí làwọn méjèèjì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ títí Bàbá fi sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Màmá Rúùtù gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Fọláhànmí, Tèmítọ́pẹ́ àti Dámisí, àti àwọn ọmọ-ọmọ: Àánúolúwapọ̀, Ẹ̀yẹolúwa àti Goodness.

Fọláhànmí ni yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù náà níbi ìsìn òní, ọwọ́ méjèèjì. Ó ti bẹ wòlíì ṣáájú: bí ìlù bá ń dún lọ lórí àdúrà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á.

Bàbá wa, iṣẹ́ tó. Ẹ sùn re, kí Olúwa tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere.