Etí Rẹ Tó Di Ní Ìdálẹ̀

Ọmọ mi ọkùnrin,

Lẹ́tà yìí ò ní bá ọ lórí àìsàn, orí ìdúró ni yóò bá ọ. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ tó sì gbé ọ bọ̀ ò ní rọ. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Bíríkìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ariwo ẹ̀rọ ìlagi mi fẹ́ fọ́ òun létí, mi ò mọ ariwo tó ń wí.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá tí fóònù wà nílé rẹ̀ ń kọ lẹ́tà. Ìyá rẹ náà bi mí. Mo ní ọmọ tí etí rẹ̀ ti di, kí la fẹ́ bá a sọ lórí fóònù? Láti ọjọ́ tí o ti wá kí wa tí o tún lọ ni fóònù náà ti ń tàn tó ń gbọ̀n, tí àwòrán rẹ ń yọ lójú rẹ̀, èmi ni mo sì ní kí ìyá rẹ má gbé e. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ẹni tó jókòó tì í, ṣé ti ẹni tó wà nínú fóònù ni yóò gbọ́? Ojú rẹ ò fọ́, lẹ́tà ló tọ́ sí ọ.

Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, o mọ̀ mí. Ọdún mẹ́sàn-án lo lò lókè òkun. Lọ́jọ́ tí o dé, èmi àti ìyá rẹ ti jókòó síwájú ilé láti àárọ̀. A rí ọ lókèèrè, o gbé fóònù sí àtẹ́lẹwọ́, ò ń wò ó, ò ń yà sọ́tùn-ún, ò ń yà sósì. Ìyá rẹ ní obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà fún ọ. Ó mú ọ kọjá ilé. O kọjá lójú wa báyìí, o dé iwájú ilé aránṣọ kí o tó ṣẹ́rí padà. Mo bi ọ́ pé ta ni obìnrin náà, ìgbà wo ló ti wá sí abúlé wa tó fi mọ ọ̀nà ibẹ̀, o kàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀nà tí o sáré lórí rẹ̀ níhòòhò kí o tó mọ ṣòkòtò wọ̀, àlejò lo wá ń bi léèrè rẹ̀.

O dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, o dúró, o kan ilẹ̀kùn. O bèèrè bóyá o lè jókòó. O bèèrè bóyá o lè bu omi mu. O jẹun tán, o fọ àwo náà, o dá a padà síbi tí o ti rí i gẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun débẹ̀. Ìyá rẹ wọ yàrá lọ sunkún. Ó ní o sọ fún òun pé nílé, ẹ kì í jẹun alẹ́ pẹ́ báyìí. Ilé wo? Mo wo òrùlé tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí nǹkan funfun méjì létí rẹ, kékeré bí eyín ọmọdé. Mo kí ọ, o ò dáhùn. O yọ wọ́n, o sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ẹnu rẹ kàn ń mì bíi ti ẹja. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Adití kì í mọ bí ohùn òun ti lọ sílẹ̀ tó. Mo ní òtútù òkè òkun ló ti wọ̀ ọ́ létí, wọ́n wá fi oògùn dí i. Àánú rẹ ṣe mí. Mo bá gbé ohùn sókè. Mo pariwo pé ṣé o sùn dáadáa, mo pariwo pé kí o jẹun sí i, mo pariwo bí mo ṣe tọ́jú pákó láti ọdún tí o ti lọ, tí mo fi kan ibùsùn tí o sùn lé. Ọ̀fun mi bó. O kàn ń wò mí, ojú rẹ ń pọ́n, mo sì rí i lẹ́nu rẹ pé ẹ má bínú, bàbá, lò ń wí ṣáá.

Lọ́jọ́ kẹta o gbé báàgì tí o ò tíì tú rárá, o ní iṣẹ́ ń pè ọ́ nígboro. Awakọ̀ tó gbé ọ ló wá sọ fún wa pé òun ò gbé ọ kọjá òtẹ́ẹ̀lì etí títì, pé o sùn níbẹ̀, pé o ní ibi tó dákẹ́ lò ń wá. Ibi tó dákẹ́ wo ni adití tún ń wá? O sanwó láti sùn lórí ibùsùn ẹni tí kò mọ baba tó bí ọ. Ó dùn mí wọ egungun. Mo tú ibùsùn rẹ palẹ̀, mo fẹ́ fi pákó rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ìyá rẹ lọ jókòó lórí pákó náà, ó ní kí n la òun mọ́ ọn.

Lánàá, ìyá rẹ gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó pa ẹ̀rọ tí mo fi ń lagi, ó fi ẹnu kan etí mi. Ó ní o sọ pé mi ò fẹ́ ọ nílé mọ́, pé láti ìgbà tí o ti wọlé ni mo ti ń jágbe mọ́ ọ. Ó ní etí ọmọ òun ò di. Ó ní èmi ni etí mi ti di tipẹ́, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi, torí ẹni tó bá pariwo kí n lè gbọ́, màá ní ó ń bá mi jà.

Mi ò gbà. Mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti kan ibùsùn náà padà.

Wá owó dókítà etí. Má fi gba báńkì, wọ́n ní inú ògiri ni kí n ti gba owó, mo dúró ti ògiri náà títí ó sú mi. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá, ká jọ lọ, kí dókítà yẹ àwa méjèèjì wò. Bó bá jẹ́ tìrẹ ló di, màá fara dà á. Bó bá jẹ́ tèmi, a jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́sàn-án dúró de ohùn tí mi ò lè gbọ́ mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ nígboro. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ á gbà ọ́. Má kan ilẹ̀kùn mọ́ bí o bá dé, máa wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.