Àfi Ọ̀kan Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ara mi le, òtútù Atlanta ò rí mi gbé ṣe.

Wọ́n ti fi mí ṣe olùkọ́ ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́. Mò ń kọ́ àwọn tuntun bí a ṣe ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí yìnyín tó bo títì. Inú mi dùn. Àmọ́ ọ̀gá ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ pátá. Praise, ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ń ra kọfí fún mi láràárọ̀, "Aunty" ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Kí ni mo ṣe fún un? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ ẹ̀ ló wà níbi tèmi lórí schedule. Wọ́n ní kí n sinmi ni. Ara ń fu mí.

Mo kọ gbogbo ẹ̀, àfi ọ̀kan: kí n tó kìlọ̀, mo máa ń pe Àǹtí Tẹ́ní, nọ́ọ̀sì ní Lawrenceville tí wọ́n máa ń gba orí afárá bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, kí n bi wọ́n bóyá afárá ti ń yọ̀.

Láàárọ̀ yìí, Àǹtí Tẹ́ní fúnra wọn ló pè mí. Mọ́tò wọn ti yọ̀ lórí afárá, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Mo pe Praise kíá, ó sì kìlọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ló bá rọra béèrè pé, "Aunty, ta ló sọ fún yín?"

Mo sọ fún un. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Bí Àǹtí Comfort tá a jọ wà níbí bá ní àwọn ń rí mi ní mall Buford lọ́sàn-án Tuesday, ẹ ní ọ̀gá mi fẹ́ràn mi ni, ló ṣe ní kí n máa sinmi.

Mojírọ́lá yín